Líǹkì àfowórà kó bá J.C. Penney lórí Google

Oṣù Kejì, ọdún 2011, ni ilé-ìtajà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà nì, J.C. Penney, kàgbákò lọ́wọ́ Google. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá ń wá aṣọ obìnrin tàbí aṣọ ibùsùn lórí Google, ìkànnì wọn ló máa kọ́kọ́ rí. Àṣé líǹkì tí wọ́n fowó rà ló wà nídìí ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ téèyàn máa tẹ̀ lórí ìkànnì kan tí yóò gbé e lọ sórí òmíràn. Ìwé ìròyìn New York Times ló tú àṣírí náà: ó lé ní 2,000 ojú ìwé tí línkì ọ̀hún wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì bá aṣọ tan. Láàárín wákàtí méjì, ìkànnì tó wà nípò kìíní fún báàgì Samsonite ti já sí ipò 71. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ò mọ̀ sí i, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ̀rí ni Google ka líǹkì sí látìgbà tí Larry Page àti Sergey Brin ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1998. Ẹ̀rí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ yín sì wúwo ju ti igba àjèjì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọjà tí èrò pọ̀ nídìí ẹ̀, bí aṣọ tàbí fóònù, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ra ọjà, ẹgbẹ́ oníṣòwò yín àtàwọn ìwé ìròyìn ni kẹ́ ẹ wá líǹkì lọ. Ó máa ń pẹ́ o. Ẹni tó bá ní òun máa ta ẹgbẹ̀rún kan líǹkì fún yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ ní kó kọ orúkọ àwọn ìkànnì náà sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ yẹ̀ wọ́n wò fúnra yín kẹ́ ẹ tó yọwó.