Gílóòbù Àtijọ́: Bí Aráàlú Ṣe Gba Òfin Ìjọba

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò ti gbà kí wọ́n kó gílóòbù oníwáàtì 100 wọ ọjà mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kan oníwáàtì 75. Ní 2011, ó kan 60. Nígbà tó fi di oṣù Kẹsàn-án 2012, 40 àti 25 náà ti bá a lọ. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni yọ èyí tó ń tàn nílé rẹ̀, ó sì gba ọlọ́jà láyè láti ta èyí tó wà lórí igbá tán. Àwọn tó ń ṣe é àtàwọn tó ń kó o wọlé ló mú. Síbẹ̀, inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bí ẹni pé ìjọba wọ yàrá wá paná mọ́ wọn lójú.

Ìdí òfin náà ò fara sin. Wáyà tín-ín-rín ló wà nínú gílóòbù yẹn. Iná mànàmáná á mú un gbóná janjan, òun ló sì ń tàn. Bí a bá pín iná tó ń jẹ sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 5 ló ń di ìmọ́lẹ̀, ooru ni ìyókù. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án bó ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ jó mọ ohun tí mò ń wí.

Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. LED ṣì wọ́n bí ojú nígbà náà, nítorí náà ẹ́nájì sévà, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ló kún ọjà. Tan án nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, o lè gùn ún dókè kó tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Mẹ́kúrì díẹ̀ tún wà nínú rẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún aráàlú ni pé bó bá fọ́, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n jáde kúrò nínú yàrá fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n má sì fi ẹ̀rọ gbá àfọ́kù rẹ̀. Àwọn tí ìmọ́lẹ̀ ń pa awọ wọn lára àtàwọn tí túúlu ń dà láàmú pariwo pé iná tuntun yìí ń dá kún àìsàn àwọn. Lójú tèmi, àròyé tiwọn ló wúwo jù.

Ní Jámánì, ṣe ni àwọn ènìyàn ń ra gílóòbù pa mọ́ ní páálípáálí. Ní 2010, ẹnjiníà kan, Siegfried Rotthäuser, àti àna rẹ̀, Rudolf Hannot, kó gílóòbù oníwáàtì 75 àti 100 dé láti Ṣáínà. Wọ́n sọ ọ́ ní Heatball, wọ́n ní ẹ̀rọ amúlégbóná kékeré ni, pé ìmọ́lẹ̀ kàn ń ti ara rẹ̀ jáde ni. Wọ́n yọ apá kan nínú owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìdáàbòbò igbó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, 4,000 tà. Nígbà tí 40,000 mìíràn balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Cologne, kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ kò sì gbè wọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ George W. Bush ló fọwọ́ sí òfin gílóòbù tiwọn ní 2007. Ní 2011, Rick Perry, gómìnà Texas, fọwọ́ sí òfin pé gílóòbù tí wọ́n bá ṣe, tí wọ́n sì tà ní Texas kò sí lábẹ́ òfin 2007 yẹn. Ọ̀rọ̀ náà di ti ẹgbẹ́ òṣèlú, ó ń lọ ó ń bọ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2023, tí òfin tó le jù múlẹ̀.

Ní Kúbà, ọ̀tọ̀ ni. Láàárín 2005 sí 2006, Fidel Castro rán àwọn ọ̀dọ́ kiri ojúlé: wọ́n á yọ gílóòbù àtijọ́, wọ́n á fi ẹ́nájì sévà síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Gílóòbù tí wọ́n pààrọ̀ lé ní mílíọ̀nù 9. Ìlú tí iná ń ṣẹ́jú mọ́ lára lójoojúmọ́ ni, kò sì sí ẹni tó yọ owó lápò. Ará Jámánì fúnra rẹ̀ ló ń sanwó tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, fún iná tí kò fẹ́.

Nígbà tí LED wá wálẹ̀ lówó, tó sì ń tàn lójú ẹsẹ̀, ariwo náà rọlẹ̀ ní Yúróòpù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, Àjọ Ìṣọ̀kan náà fòfin de ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ́nájì sévà tí wọ́n ń dè mọ́ ojú gílóòbù.