Àyẹ̀wò Ọkọ̀: Iṣẹ́ Tí A Kì Í Fẹ́ Sanwó Rẹ̀

Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, lítà kan kò tó 200 náírà nílé epo NNPC l'Ékòó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di 488. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,000. Ẹjọ́ tí onímọ́tò ń gbé wá bá mẹkáníìkì kò yí padà: "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ń jẹ epo, bẹ́ẹ̀ ni kò fà mọ́. Tó bá ti dé orí òkè báyìí, ṣe ló ń mí hẹlẹhẹlẹ." Ohun tó yí padà ni pé kò sẹ́ni tó lè fara mọ́ ọn mọ́.

Láyé Peugeot 504 àti Volkswagen ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná àti Èkó lọ́dún 1975, kabúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Etí, imú àti sukurudúráfà ni ọmọṣẹ́ fi ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá títí tí yóò fi gba fíríìdọ̀mù. Yóò tú plọ́ọ̀gì, yóò sì wo ẹnu rẹ̀. Bó bá dúdú tó sì gbẹ, epo ló pọ̀ jù. Bó bá rin fún ọ́ìlì, ríǹgì ti jẹ. Bó bá funfun, epo ò tó. Bó bá ní àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ara ẹ́ńjìnnì dá. Ọgbọ́n yìí ṣì wúlò títí dòní.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló mú ẹ̀rọ síkáànì wọ ọgbà mẹkáníìkì. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí gbogbo mọ́tò tuntun ní ojú kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ihò rẹ̀ jẹ́ 16, níbi tí èèyàn ti lè bi kọ̀ǹpútà ọkọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é. Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy ní in, Muscle náà ní in.

Ṣùgbọ́n kóòdù tí síkáànì ń kà jáde kì í dárúkọ ẹ̀yà tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú P0171. Ohun tó ń sọ kò ju pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo. Ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ tó wà lára páìpù èéfín ló mú ìròyìn náà wá, nítorí náà àwọn kan á ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Wọ́n dá òjíṣẹ́ lẹ́bi. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lè ti ya, ìdọ̀tí lè bo sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, pọ́ǹpù epo lè ti rẹ̀, fílítà epo sì lè ti di. Ẹni tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, á sì máa wo iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un. Bó bá pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, tó wá ń wálẹ̀ bó ṣe ń tẹná fún ẹ́ńjìnnì, á wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé. Bó bá jẹ́ ìgbà tó tẹná ló ń pọ̀ sí i, á yíjú sí pọ́ǹpù àti fílítà.

Àìsàn mìíràn wà tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù lè má tàn fún rárá: bíréèkì tó há, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, katalísì inú páìpù èéfín tó di, tí ọkọ̀ á fi máa rìn dáadáa ládùúgbò ṣùgbọ́n tí kò ní lè sáré ní márosẹ̀.

Àfọwọ́fà àwọn mẹkáníìkì fúnra wọn ni ti tamosítáàtì, ẹ̀yà tó ń ṣètò ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ ọ́ dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kí omi rẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi 80 sí 90 dígírì. Bí kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i ní márosẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ ni, á sì máa da epo sí i.

Kí ló dé tí àyẹ̀wò gidi fi ṣọ̀wọ́n? Oníbàárà mọ owó ẹ̀yà, ó sì mọ owó iṣẹ́. Wákàtí méjì tí mẹkáníìkì fi wá ìdí àìsàn, ọ̀fẹ́ ló kà á sí. Ẹni tí wọn ò sanwó ìrònú fún, ibi ẹ̀yà ni yóò ti jẹun: á rán yín lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin tàbí Àràrọ̀mí ní Gátì, n'Íbàdàn, kí ẹ ra ẹ̀yà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní bẹ́ljíọ̀mù. Bí ìyẹn ò bá ṣe é, ẹ tún padà lọ.

Lónìí, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lè ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó kù láti rà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ni ọgbọ́n orí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dúnàádúrà owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀. Ẹ ní kó kọ kóòdù sílẹ̀ kó tó pa á rẹ́, kó sì fi ohun tó mú un dá ẹ̀yà kan lẹ́bi hàn yín. Bí kò bá rí nǹkan fi hàn, ẹ má tíì lọ sọ́jà.