Bọ́ọ̀sì tí kò ní èéfín: inú ìwé àdéhùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú afẹ́fẹ́ tí à ń fà símú lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jáde nílé. Nígbà tí mo ṣì ń lọ kóòtù, Ọbanikòró ni mo ti máa ń wọ dánfó lọ sí Erékùṣù Èkó. Ìyá mi á ti fi sítáàṣì na kọ́là mi gbagidi lálẹ́ àná. Kí n tó dé kóòtù, etí kọ́là ọ̀hún á ti di àwọ̀ eérú. Adájọ́ kan tiẹ̀ wò mí lọ́jọ́ kan bíi pé ìdí ààrò ni mo ti ń bọ̀. Mo fi ṣe ẹ̀rín nígbà yẹn. Mi ò fi ṣe ẹ̀rín mọ́ báyìí, torí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ kọ́là, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà níbí ní Ìlúpéjú, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ní ikọ́ fée. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí èéfín ọkọ̀ pàdé eruku, ike oògùn tó ń fà sẹ́nu kì í kúrò nínú báàgì ìyá ẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2023, iléeṣẹ́ GSK, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Industrial Avenue, ìyẹn ládùúgbò wa gan-an, kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ventolin di ohun tí wọ́n ń wá kiri, owó rẹ̀ sì fò sókè kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí mi tí mò ń kọ̀wé lórí bọ́ọ̀sì àti àyíká, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni mo gbé wá.

Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020 sọ pé nǹkan bí èèyàn 11,200 ni afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí pa láìtọ́jọ́ l'Ékòó lọ́dún 2018. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n ní ó fà á ni èéfín ọkọ̀, èéfín iléeṣẹ́ àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kún Ìlúpéjú. Ti ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí òun ni ìjọba ti ní àjọ kan tó ń bójú tó o.

LAMATA ni àjọ náà. Wọn ò sì jókòó lásán, ó yẹ ká sọ ọ́. Lọ́jọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008 ni BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, ẹ̀gbẹ́ Ìlúpéjú níbí náà ló gbà kọjá. Lọ́dún 2015 ni wọ́n fà á dé Ìkòròdú. Lọ́dún 2023, àwọn àti Oando Clean Energy mú bọ́ọ̀sì oníná mànàmáná méjì wọ̀lú láti fi dán an wò, Yutong tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà. Ọ̀rọ̀ gáàsì CNG náà sì ti wọ ẹnu ìjọba láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023.

Àwọn èèyàn ya fọ́tò pẹ̀lú bọ́ọ̀sì oníná yẹn. Ó dùn ún wò lóòótọ́, kò pariwo, kò tu èéfín. Àmọ́ ìbéèrè tí mo bi ara mi ni pé: iná wo ni yóò máa jẹ? Èyí tó pọ̀ jù nínú iná ilẹ̀ yìí, gáàsì ni wọ́n ń sun kí wọ́n tó rí i. Ìyẹn ṣì dára ju dísù lọ, torí èéfín ò jáde níwájú ilé ìwé àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ iye ìgbà tí iná orílẹ̀-èdè yìí dojú dé lọ́dún 2024 nìkan. Tí gáréèjì bọ́ọ̀sì bá wá lọ gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá kan kalẹ̀ láti fi gba bọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ́wọ́ òkùnkùn, a kàn gbé èéfín kúrò ní Ọbanikòró lọ fún àwọn tó ń gbé lẹ́yìn gáréèjì ni. Àwọn náà lọ́mọ. Òrùlé gáréèjì fẹ̀, oòrùn sì ń pa á látàárọ̀ dalẹ́. Ibẹ̀ ni kí wọ́n to páńẹ́lì sólà sí kó lè ran iná ìjọba lọ́wọ́, kí wọ́n tó ra bọ́ọ̀sì kẹta.

CNG ńkọ́? Kì í tu èéfín dúdú bíi dísù, mo fara mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì tó bá ń jò lára páìpù àti sílíńdà ń mú ayé gbóná ju èéfín lásán lọ, kí wọ́n sì tó kó bọ́ọ̀sì oní-CNG sójú títì, kí ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì náà ti wà. Ìlà orí títì fún gáàsì kò yàtọ̀ sí ìlà epo.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó rọrùn jù, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀. Dánfó kan ń gbé èèyàn mẹ́rìnlá. Bọ́ọ̀sì BRT kan lè gbé nǹkan bí àádọ́rin, àwọn tó jókòó àti àwọn tó dúró. Ìyẹn ni pé bọ́ọ̀sì kan tó kún, tó sì ń dé lásìkò, lè mú dánfó márùn-ún kúrò lójú títì, kódà kó jẹ́ dísù ló ń lò. Ṣùgbọ́n tí èrò bá dúró wákàtí kan ní ibùdókọ̀ láìrí bọ́ọ̀sì, dánfó náà ni yóò padà sí, tàbí kó lọ jẹ gbèsè ra Corolla àlòkù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà BRT. Nígbà tí ọkọ̀ ọ̀gá tó ń fọn fèrè bá wọ inú rẹ̀, tí ọ̀kadà tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì á dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ epo lásán. Ẹ ka èéfín yẹn mọ́ ọ̀gá náà lọ́rùn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dúró sí nìyí, torí iṣẹ́ tí mo kọ́ níléèwé ni. LAMATA kọ́ ló ń wa bọ́ọ̀sì. Òfin ọdún 2002 tó dá a sílẹ̀ sọ ọ́ di alákòóso. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Primero àti Lagos Bus Services Limited ló ń wà á lábẹ́ àdéhùn. Lọ́dún 2022, dísù tó wà lábẹ́ ₦300 níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọjá ₦700 kí ọdún tó dá sí méjì. Ìjọba fi ₦100 kún owó ọkọ̀ lóṣù keje. Ẹ gbé ìyẹn sórí ìwọ̀n kẹ́ ẹ wò ó. Mi ò sọ pé ẹnì kan pàtó ṣe nǹkan burúkú, bí òwò ọkọ̀ ṣe rí níbi gbogbo ni mò ń sọ: tí owó bá há, àtúnṣe lèèyàn á kọ́kọ́ gé. Wọ́n á sún ọjọ́ àtipààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n á ní kí fílítà ṣì máa bá iṣẹ́ lọ. Oṣù mẹ́ta sí i, bọ́ọ̀sì tó wọ̀lú ní mímọ́ á ti máa tu èéfín bíi mólúè ayé àtijọ́. Kì í ṣe ìwà dírẹ́bà, owó tí àdéhùn gbé lé iléeṣẹ́ lọ́rùn ni.

Ẹ wo Dakar. Lóṣù karùn-ún ọdún 2024 ni BRT tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò, kìlómítà 18.3, bọ́ọ̀sì 121, iná mànàmáná ni gbogbo wọn. Wọ́n ṣe ọ̀nà tí ẹlòmíì ò lè wọ̀, wọ́n sì kọ bọ́ọ̀sì oníná sínú àdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Senegal ò lówó tó wa o.

Níbí, ẹsẹ ogún ìwé òfin Nàìjíríà ní ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo afẹ́fẹ́ wa, àmọ́ Orí Kejì ló wà, ẹsẹ kẹfà sì ti ní ká má gbé ìyẹn lọ sí kóòtù. Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́ ti ọdún 2021 ló léyín díẹ̀: iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, kó sì ní ètò tí yóò fi máa dín èéfín rẹ̀ kù lọ́dọọdún. Iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì wo l'Ékòó ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò pé 50?

Kí LAMATA kọ ọ́ sínú àdéhùn tó kàn pé iye kìlómítà tí bọ́ọ̀sì bá rìn lásìkò la ó fi sanwó fún iléeṣẹ́, kì í ṣe owó tó bá rí gbà lọ́wọ́ èrò nìkan. Kí àyẹ̀wò èéfín wà lóṣooṣù, kí owó sì dín kù fún bọ́ọ̀sì tó bá kùnà. Kí wọ́n máa gbé èsì rẹ̀ jáde, bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni lè kà á lórí fóònù. Kí àdéhùn náà fúnra rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Èmi á kà á, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ṣì ń lọ kóòtù á kà á. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní òun á kà á, torí iléèwé tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ yẹn lọ lóṣù kẹsàn-án, Fadéyí ló wà, ojú ọ̀nà Ìkòròdú yìí náà ni yóò sì máa gbà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.