Ta Ni Yóò Sáré Tẹ̀lé Ẹni Tí Ó Ra Ọkọ̀?

 

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Kí ni ti ààfáà nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò? Kí ó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú." Bí ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ bá ń gbé Mowé tàbí Ìbafò, tí ó ń gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń gbà á, tí ó sì ti kírun sí òkú tí ọkọ̀ pa lára rí, kò jẹ́ bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sánńdè kan tí a parí àsàlátù, arákùnrin kan nínú jámáà wa ní Mowé fà mí sí abẹ́ igi fúrúùtù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyànkénìyàn. Òun ni ó ra ẹní tí a ń kírun lórí rẹ̀, a kò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rí. Ó ní ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí òun rà ní Ìbafò ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ó fẹ́ kó òun sí ìyọnu. Láti ìgbà tí ó ti rà á ni iná pupa kékeré kan ti ń tàn níwájú dírẹ́bà tí kì í kú. Ríwáyà kan ṣí ojú ibẹ̀, ó yọ gílóòbù náà dànù, ó ní, "Alájì, ó ti tán," ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Àfi ìgbà tí ọmọ ọkùnrin yìí tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wálé, tí ó kọ nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ náà sínú fóònù, tí ó sì fi wádìí lọ́dọ̀ àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ààbò ojú pópó, èyí tí wọ́n ń pè ní NHTSA. Ìdáhùn tí ó padà wá ni pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà ti pè é padà láti ọjọ́ pípẹ́ kí a lè bá a pààrọ̀ ẹ́ábáàgì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe iṣẹ́ náà lára rẹ̀.

Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ọkọ̀ tuntun ti ilé-iṣẹ́ yẹn lọ ní Èkó. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé ọkọ̀ tí àwọn bá fi ọwọ́ ara àwọn tà ni àwọn mọ̀. Ó wá lọ wo ibi tí ó ti rà á ní Ìbafò, ẹni tí ó tà á fún un ti kó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó pinnu láti tà á. Bàbá kan sì ti ti Ifọ̀ wá wò ó, ó ti dá iye lé e, owó náà sì dára. Ìbéèrè tí ó wá bi mí lábẹ́ igi ni pé, "Ààfáà, ṣé dandan ni kí n sọ fún un?"

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí ìwé wí lórí àbùkù ọjà, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ẹ́ábáàgì jẹ́, a kì í sì í dájọ́ ohun tí a kò mọ̀. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo rí nínú ọ̀sẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ́ábáàgì jẹ́ àpò aṣọ kan tí a ká sínú sítíárìn àti síwájú ẹni tí ó jókòó ti dírẹ́bà. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, agolo irin kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn àpò náà yóò gbiná, yóò tú afẹ́fẹ́ jáde, àpò yóò sì wú kí ojú ẹni tó ṣẹ́jú, kí àyà àti orí rẹ̀ má baà gbá irin. Ohun rere ni. Ilé-iṣẹ́ Japan kan tí ń jẹ́ Takata ni ó ń ṣe é nígbà kan rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀: Honda, Toyota, Nissan, BMW, Ford àti àwọn mìíràn. Èròjà tí Takata ń dì sínú agolo náà ni ammonium nitrate, tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń mú èròjà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń bàjẹ́, agbára rẹ̀ a sì kọjá ààlà. Nígbà tí ó bá gbiná, agolo irin fúnra rẹ̀ ni yóò fọ́ túútúú, tí èérún irin yóò sì máa fò bí ọta ìbọn sí ọrùn àti ojú ẹni tí a fẹ́ gbà là. Iná pupa iwájú ọkọ̀ kì í sì í kìlọ̀ fún ènìyàn pé èròjà ti bàjẹ́. Ọkọ̀ lè má tan iná kankan, kí ewu náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù November 2008, Honda pe nǹkan bí 4,000 ọkọ̀ padà, ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní oṣù May 2009, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìdínlógún kan ní Oklahoma kú nínú Honda Accord ti ọdún 2001. Ìkọlù náà kò tó ohun tí í pa ènìyàn. Èérún irin ni ó pa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pè wọ́n padà díẹ̀díẹ̀, lónìí ẹgbẹ̀rún wọ̀nyí, lọ́dún tí ó ń bọ̀ ẹgbẹ̀rún wọ̀nyẹn. Nígbà tí ó di 2014, Takata àti àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí nìkan ni àwọn yóò ti pààrọ̀ rẹ̀, bíi Florida àti Hawaii. Àwọn ará Amẹ́ríkà fárígá. Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ kì í rìn ni? Ṣé ẹni tí ó ra ọkọ̀ ní Florida kò lè gbé e lọ sí ibòmíràn?" Àwọn aṣòfin pe àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní November 2014, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó le. Ní 2015 ni Takata tó gbà pé àbùkù wà lára ọjà òun. Ní February 2017 ó gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi jìbìtì, nítorí pé ó ti ń fi àbájáde ìdánwò èké han àwọn tí ń ra ọjà rẹ̀. Bílíọ̀nù dọ́là kan ni wọ́n ní kí ó san. Ní oṣù June ọdún náà ni ó lọ sọ fún ilé-ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Mílíọ̀nù 67 ẹ́ábáàgì ni ìpè-padà náà kàn ní Amẹ́ríkà nìkan, ènìyàn 28 ni ó sì ti bá a lọ níbẹ̀. Ní Malaysia, níbi tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí, obìnrin aboyún kan wà lára àwọn tí ó pa ní 2014.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbi ọ̀rọ̀ ooru àti ọ̀rinrin yẹn díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Florida ni ewu náà ti pọ̀, irú ilẹ̀ wo ni tiwa? Ta ni ó ń gbé Ìbafò tí kò mọ bí ọ̀rinrin ṣe ń yọ láti inú irà ibẹ̀ ní òwúrọ̀, tàbí bí oòrùn ọ̀sán ṣe ń sun orí ọkọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ? Accord àti Corolla tí ó kún ojú títì wa yìí, irú wọn wà nínú àwọn tí a pè padà. Ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ní òkè òkun gba lẹ́tà: "Gbé ọkọ̀ rẹ wá, kí a bá ọ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́." Ó ju lẹ́tà sí àpótí, ó ta ọkọ̀. Ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé Àpápá tàbí Kútọnu, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́tà kò bá a wá.

Kì í sì í ṣe ẹ́ẹ̀kan. Ní 1999, Ford bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ táyà Firestone lára ọkọ̀ Explorer ní Saudi Arabia àti àwọn orílẹ̀-èdè àyíká rẹ̀, nítorí pé ojú táyà ń ṣí kúrò lórí eré nínú ooru ibẹ̀. Ó pààrọ̀ fún àwọn ará ibẹ̀, kò sì sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ilé òun gan-an. Ìgbà tí ó di August 2000 tí Firestone pe mílíọ̀nù 6.5 táyà padà ni àṣírí tú, inú sì bí àwọn ènìyàn gidigidi. Ó lé ní 270 ẹ̀mí tí ìjọba wọn kà mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ford àti Firestone, tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣòwò fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, di ọ̀tá ní 2001. Nítorí èyí ni Amẹ́ríkà fi ṣe òfin ní November 2000 pé ẹni tí ó bá pe ọkọ̀ padà ní ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba wọn. Òfin náà dára fún wọn. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún Mowé.

Toyota pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ènìyàn mẹ́rin kú nínú ọkọ̀ kan tí ó sáré tí kò gbọ́ bíréèkì mọ́ ní California ní August 2009, ó ní ẹní tí a tẹ́ sí ẹsẹ̀ dírẹ́bà ni ó há mọ́ ìtẹ́sẹ̀ eré. Nígbà tí ó yá, ó di pé ìtẹ́sẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lè há. Ọ̀gá wọn pátápátá, Akio Toyoda, ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 24 February 2010. Ní 2014 wọ́n san bílíọ̀nù kan ó lé igba mílíọ̀nù dọ́là nítorí pé wọ́n ti tan àwọn oníbàárà wọn jẹ. Ti General Motors ní 2014 ni kò jẹ́ kí n sùn: ojú ibi tí a ti ń fi kọ́kọ́rọ́ tan ọkọ̀, tí ó máa ń kú lórí eré. Owó tí ì bá fi tún un ṣe lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kò pé dọ́là kan. Ẹ̀mí 124 ni wọ́n san owó gbà-má-bínú lé lórí.

Ó ti tó. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, arákùnrin wa padà wá, mo sì ṣí ìwé fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní ilé kéwú mọ Risala ti Ibn Abi Zayd al-Qayrawani. Ó wà níbẹ̀ pé ẹni tí ó ra ọjà, tí ó wá rí àbùkù tí ó ti wà lára rẹ̀ kí ó tó rà á, ní àṣàyàn: bí ó bá fẹ́, kí ó mú un bẹ́ẹ̀, bí ó bá fẹ́, kí ó dá a padà kí ó gba owó rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà wa fẹ́ràn láti kọ ọ́ sára ògiri pé ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. Ní ti irú ọ̀rọ̀ báyìí, Risala fún olùtajà láyè láti wẹ ọwọ́ rẹ̀ nínú àbùkù ẹrú, òwò tí ayé ti pa rẹ́, níbẹ̀ pàápàá, inú èyí tí kò mọ̀ nìkan ni. Ohun tí ó bá ti mọ̀, ọ̀rọ̀ ara ògiri kò lè bọ́ ọ nínú rẹ̀.

Arákùnrin wa ní, "Ààfáà, ẹni tí ó tà á fún mi kò sọ fún èmi." Mo ní bóyá kò mọ̀. Ìwọ mọ̀.

Mo sọ ìtàn Wathila ọmọ al-Asqa fún un, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Ọkùnrin kan ta ràkúnmí rẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún dírámù. Wathila wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, kí ó tó mọ̀, olùrajà ti fa ràkúnmí lọ. Wathila bẹ̀rẹ̀ sí sáré tẹ̀lé e, ó ń pariwo pé, ṣé ẹran ni o fẹ́ fi ṣe ni, tàbí gígùn? Ó ní gígùn ni. Wathila ní òun ti rí ihò kan ní pátákò rẹ̀, kò ní lè rin ìrìn-àjò léraléra. Ọkùnrin náà padà, olùtajà sì yọ ọgọ́rùn-ún dírámù fún un. Nígbà tí olùtajà bínú pé o ti ba ọjà mi jẹ́, Wathila ní àwọn ti bá Ànábì ṣe àdéhùn pé àwọn yóò máa gba gbogbo Mùsùlùmí nímọ̀ràn òdodo. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òun ni ó ni ràkúnmí. Kò jèrè kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni ó sáré.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá sọ, kò ní rà á mọ́." Mo ní ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kí ìjọba wa gbọ́ níbí. Òfin 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ ní Àbújá sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé ewu wà nínú ọjà tí ó kó wá gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ kí ó sì gbà á kúrò lọ́jà. Bí àwọn aṣọ́bodè bá lè ka nọ́ńbà ṣáásì láti fi gba owó orí, kí ni ó dí wọn lọ́wọ́ láti fi nọ́ńbà kan náà wádìí bóyá a ti pe ọkọ̀ náà padà? Ọmọ iléèwé fi fóònù ṣe é ní Mowé láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe é fún tiyín lónìí, kí ẹ má ṣe dúró de Àbújá. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì ojú ọ̀nà fi òòlù kan agolo náà.

Bàbá ará Ifọ̀ padà wá ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Arákùnrin wa sọ gbogbo rẹ̀ fún un níṣojú mi. Bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó ká owó rẹ̀ padà sí àpò, ó sì wọ ọkọ̀ èrò padà sí Ifọ̀. Ọkọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ igi fúrúùtù, ewé ti bò ó lórí. Ẹni tí ó ni ín ń wọ dáńfó lọ sí ibi iṣẹ́. Ó ṣì máa ń kí mi lẹ́yìn ìrun, ṣùgbọ́n ìkíni náà kò gùn bí ti tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tí ń ra ẹ́ńjìnnì nìkan.