Bátìrì Ọkọ̀ Akẹ́rù Òwú: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀



Nínú ìwé tí a máa ń fi ránṣẹ́ sí yín, ọ̀rọ̀ kòkòrò, ajílẹ̀ àti ìgbà ìgbìn la sábà máa ń sọ. Ti òní yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù ni. Àwọn kan láàrín yín ti ń dá owó jọ ra ọkọ̀ àlòkù ní Lomé. Àwọn tí kò ní ọkọ̀ náà ń háyà rẹ̀, nítorí òwú kì í fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya kóró rẹ̀ ní Talo, ní Notsé tàbí ní Kara. Bí ọkọ̀ bá kú sí ọjà òwú, ẹgbẹ́ ló máa ń dúró tì í.

Ní àsìkò ọjà òwú tó kọjá, mo wà ní abúlé kan ní agbègbè Ogou. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dé síbẹ̀ láti ọjọ́ méjì, ó ń retí kí ó kàn án. Awakọ̀ rẹ̀ ń sùn nínú ọkọ̀, lórí ibùsùn tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Oòru mú, nítorí náà ó ń tan fáànù mọ́jú. Ó tún ní tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tó so mọ́ bátìrì, àwọn ọ̀dọ́ abúlé sì ń wá bá a wo bọ́ọ̀lù lálẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n kó òwú kún ọkọ̀ náà dé òkè. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Tíkì, tíkì, tíkì. Ẹ́ńjìnnì kò dáhùn.

Ọmọ mọ́tò sáré fa waya láti ara ọkọ̀ mìíràn. Bó ti fi ẹnu waya kan orí bátìrì ni iná ta pàrà, òwú tó sì dà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù kò jìnnà síbẹ̀ ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ da iyanrìn lé e kí ó tó di nǹkan. Òwú kò jó, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣòfò, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì rí ẹrù gbé.

Mẹkáníìkì tí wọ́n pè ní bátìrì méjèèjì ti kú, kí wọ́n lọ ra tuntun. Mo ní mítà kékeré kan nínú àpò mi tí mo fi ń wo bátìrì sólà. Mo wọn bátìrì kìíní, ó fi 12.6 hàn. Mo wọn èkejì, ó fi 11.3 hàn. Ọ̀kan ṣoṣo ló ti tán. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọkọ̀ tó ń wá sí ọjà yín ló ní àrùn yìí lára.

Alẹ́ kan ju ogójì òwúrọ̀ lọ

Ọkọ̀ kékeré ń lo fólítì 12. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń lo 24, ìyẹn bátìrì 12 méjì tí a so tẹ̀lé ara wọn, orí + ti ọ̀kan mọ́ orí − ti èkejì. Lára bátìrì ẹ ó tún rí nọ́ńbà kan tí a kọ Ah tẹ̀lé. Èyí ni ìwọ̀n bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí lítà ṣe jẹ́ fún kẹ́ẹ̀gì omi. Bí a bá so bátìrì méjì tẹ̀lé ara wọn, fólítì ni a ń rò pọ̀, a kì í ro Ah pọ̀. Bátìrì 180 méjì fún ọkọ̀ ní fólítì 24 àti Ah 180. Kì í ṣe 360. Mo ti bá àwọn awakọ̀ jiyàn lórí èyí títí ó fi sú mi.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Nígbà tí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ńlá lè fa áńpíà 600. Ó pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré ni. Ẹ fi 5 sọ 600 di púpọ̀, kí ẹ fi 3600 pín in nítorí ìṣẹ́jú-àáyá 3600 ló wà nínú wákàtí kan: kò pé Ah 1. Fáànù tó ń fa áńpíà 2, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, ó ti mu Ah 16. Fíríìjì kékeré tó ń fa áńpíà 4, tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ tó sì ń sinmi díẹ̀, lè mu Ah 16 mìíràn. Ìmọ́lẹ̀, rédíò àti fóònù lè fi 5 kún un. Ó di 37. Ohun tí awakọ̀ mu ní alẹ́ kan ju ohun tí ẹ́ńjìnnì máa mu bí a bá ta á ní ìgbà ogójì.

Títa ọkọ̀ kọ́ ló ń pa bátìrì. Oorun awakọ̀ ni.

Èmi kò ní kí awakọ̀ má tan fáànù o. Ẹni tí kò sùn kò yẹ kó gun òkè Aledjo pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a ra bátìrì tó lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a sì so nǹkan alẹ́ mọ́ ọn bó ṣe yẹ.

Waya orí bátìrì kan

Tẹlifíṣọ̀n awakọ̀ wa jẹ́ ti fólítì 12. Ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24. Ohun tó ṣe ni ohun tí gbogbo wọn ń ṣe: ó fa waya láti orí bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì, ó rí 12, ó tán. Lójú ara rẹ̀ ó ti gbọ́n.

Ṣùgbọ́n alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè fún bátìrì níná, kò mọ̀ pé bátìrì jẹ́ méjì. Okùn kan ṣoṣo ló rí. Iná kan náà ló ń gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Bátìrì tí tẹlifíṣọ̀n ti mu kò ní yó tán, èyí tí nǹkan kan kò mu á sì yó jù. Lójoojúmọ́ ni ọ̀kan ń pa ebi, tí èkejì ń jẹ àjẹyó. Bátìrì tí ebi ń pa, nǹkan funfun líle á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ àwọn àwo òjé inú rẹ̀, bó bá sì pẹ́, kò sí ṣáájì tó lè tú u mọ́. Bátìrì tó ń yó jù, omi rẹ̀ á máa hó, á máa gbẹ. Láàrín ọdún kan ẹ ti pàdánù méjèèjì, ẹ ó sì máa sọ pé ọjà burúkú lẹ rà.

Ìwòsàn rẹ̀ kò nira. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń sọ fólítì 24 di 12. Orí méjèèjì okùn náà lẹ ó so ó mọ́, ìyẹn orí + tó kẹ́yìn àti orí − tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí ẹ wá so rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ṣájà fóònù mọ́ ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá ń ra fáànù tàbí fíríìjì, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 24 sí lára. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, kí ẹ tó wo táyà, ẹ ṣí àpótí bátìrì. Bí ẹ bá rí waya tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde láti àárín, níbi tí bátìrì méjèèjì ti so pọ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tó ń lò ó.

Ní ti ọkọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé bátìrì 11.3 lọ sí Atakpamé, wọ́n fi sórí ṣájà mọ́jú, ọkọ̀ sì tà ní ọjọ́ kejì. Kò pẹ́ lẹ́yìn àsìkò ọjà ni bátìrì náà kú pátápátá. Ó ti pẹ́ tí ebi ti ń pa á.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé ìtajà

Bátìrì tí a ṣe fún títa ọkọ̀ nìkan ní àwo òjé púpọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó lè tu iná ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n bí a bá ń mu ún dé ìsàlẹ̀ lóròòru, kì í pẹ́. Èyí tí àwo rẹ̀ nípọn ni awakọ̀ tó ń sun inú ọkọ̀ nílò. Ẹ béèrè fún bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù tó lè gba ṣáájì àti ìmu lemọ́lemọ́. Àwọn kan máa ń kọ EFB tàbí AGM sí lára. AGM kò ní ìdérí tí a ń ṣí, a kì í bu omi sí i. Ó wọ́n jù, kò sì fẹ́ràn ooru ẹ́ńjìnnì. Fún ọ̀nà wa, bátìrì olómi tó dára, tó nípọn, tí ẹnì kan ń tọ́jú, ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ ó rí nọ́ńbà mìíràn tí olùtajà máa ń fi yangàn, bíi 1000 A. Ìyẹn ni agbára tí bátìrì ní láti ta ọkọ̀ nígbà tí òtútù bá wọ 18 sísàlẹ̀ òdo, níbi tí omi ti ń di yìnyín. Ẹ má san àfikún owó nítorí rẹ̀. Ooru ni ọ̀tá wa. Àwọn tó mọ bátìrì máa ń ṣírò pé bí ooru bá fi 10 ju 25 lọ, ọjọ́ ayé bátìrì á dín sí nǹkan bí ìdajì.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bátìrì tó ti jókòó sórí pẹpẹ fún ọdún kan láìgba ṣáájì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ gbé e wò pẹ̀lú: òjé wúwo, bátìrì 180 tòótọ́ tó ti ní omi nínú kì í sábà dín sí kìlógíráàmù 40. Èyí tí ọmọdékùnrin kan gbé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ sì ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ kan, ìwọ̀n kan, ọjọ́ kan. Bí ẹ bá so tuntun mọ́ ògbólógbòó, ògbólógbòó ni tuntun máa bá rìn.

Ìtọ́jú

Ẹ ra mítà kékeré. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó ta ọkọ̀, kí ẹ pa gbogbo nǹkan, kí ẹ wọn bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan. 12.7 túmọ̀ sí pé ó kún. 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti dé ìdajì, ẹ má sì jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. 11.8, ó ti ṣófo. Bí ìyàtọ̀ láàrín méjèèjì bá ju 0.2 lọ, ẹ wá ẹni tó ń fa waya láti àárín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ wọn méjèèjì pọ̀: ó yẹ kó wà láàrín 27.5 sí 28.8. Bí kò bá kọjá 26, alternator kò ṣiṣẹ́. Bó bá ti ń ju 29 lọ, ó ń se bátìrì bí ẹni ń se iṣu.

Ẹ máa ṣí ìdérí bátìrì olómi lóṣooṣù, ní àsìkò ọyẹ́ kí ẹ ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi gbọ́dọ̀ bo àwo òjé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ike nìkan ni kí ẹ fi kún un. Omi kànga, omi inú ọ̀rá tí a ń mu, omi òjò tó ṣàn lórí páànù, gbogbo wọn ní nǹkan tí ń ba òjé jẹ́. Ẹ má bu ásíìdì sí i: omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ. Ẹ̀yìn ṣáájì ni kí ẹ fi omi kún un, àfi bí àwo òjé bá ti yọ síta. Bí ẹ bá kún un ṣáájú, yóò hó dànù.

Nǹkan bíi lẹ́búlẹ́bú tó máa ń hù ní orí bátìrì, omi gbígbóná tí a po káún díẹ̀ mọ́ á fọ̀ ọ́ dànù. Káún ọbẹ̀ náà ni. Kí ìdérí wà ní pípa kí ó má bàa wọ inú. Lẹ́yìn náà ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á, kí ẹ sì dì í le. Orí tí kò le ló ń ta iná. Bí ẹ bá ń tú bátìrì, orí − ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun ni kí ẹ sì so gbẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá máa jókòó láti ìgbà ìgbìn títí di ìkórè, ẹ tú orí − yẹn, kí ẹ sì máa fún bátìrì ní ṣáájì lóṣooṣù.

Ní ti iná: bátìrì tó ń gba ṣáájì máa ń tú afẹ́fẹ́ tí ń gbaná jáde. Kò sí sìgá, kò sí àbẹ́là. Bí ẹ bá ní láti fa waya láti ara ọkọ̀ mìíràn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkọ̀ 24. Ẹ gbá òwú ilẹ̀ kúrò, kí ẹ gbé iyanrìn sítòsí, kí ẹ sì fi ẹnu waya − tó kẹ́yìn kan irin ọkọ̀ níbi tó jìnnà sí bátìrì, kì í ṣe orí bátìrì fúnra rẹ̀. Bí ásíìdì bá ta síni lára tàbí lójú, omi púpọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ tó máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Bátìrì tó ti kú

Bátìrì tó ti kú ṣì ní owó lórí nítorí òjé rẹ̀, àwọn tó ń rà á sì ń wá sí abúlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ tàbí yọ́ òjé rẹ̀ nínú àgbàlá yín. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, láàrín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú nítorí òjé bátìrì àlòkù tí wọ́n ń yọ́ ládùúgbò wọn. Iyanrìn tí òjé ti wọ̀ ni àwọn ọmọ náà ń ṣeré nínú rẹ̀. Ẹ gbé bátìrì náà ní òòró, láìda omi rẹ̀ sílẹ̀, padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì ní kó yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó tuntun. Bí ẹ bá ní láti tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó wà lórí páànù ike lábẹ́ òrùlé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ó má sì sí nínú yàrá tí ẹ ń kó òwú tàbí oúnjẹ sí.