Ẹnu Kànga Tí Ó Wà Lókè: Ẹ̀rọ Àfọwọ́ṣe fún Fífa Ìdọ̀tí inú Gọ́tà Òrùlé

Omi ni ó yí ará ilẹ̀ Ìlàjẹ ká. Omi wà lábẹ́ ilé, omi wà ní ẹ̀yìnkùlé, omi ni ọ̀nà ọjà, omi sì ni oko apẹja. Síbẹ̀, ní Mahintẹ̀dó àti ní ọ̀pọ̀ ìletò tí ó wà láàrin rẹ̀ àti òkun, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè kàn na ọwọ́ sísàlẹ̀ kí ó bu omi mu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa gòkè wọ inú odò, iyọ̀ a sì dà pọ̀ mọ́ omi tútù. Kànga tí a gbẹ́ sínú ẹrẹ̀ a sì máa mú omi oníyọ̀ tàbí omi pupa jáde. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi ń wo òkè fún omi mímu. Òrùlé páànù ni oko wọn, gọ́tà etí òrùlé ni poro oko náà, táǹkì tàbí dúrọ́ọ̀mù sì ni àká tí wọ́n ń kó ìkórè sí.

Ìṣirò ìkórè yìí kò le. Bí òjò milimítà 1 bá rọ̀ sórí àyè tí ó gùn ní mítà 1 tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1, lítà omi 1 ni. Ẹ jẹ́ kí á mú ilé kan tí òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 10 tí ó sì fẹ̀ ní mítà 6. Bí òjò milimítà 20 bá rọ̀ lé e ní òru ọjọ́ kan, lítà 1,200 ni ó bọ́ sórí rẹ̀. Bí a bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tí ó ta dànù, lítà 960 ṣì kù, èyí tí yóò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìdínlógójì. Ṣùgbọ́n bí ewé bá ti dí gọ́tà, omi náà yóò kún un, yóò dà láti etí rẹ̀, yóò sì padà sínú omi iyọ̀ tí ó wà lábẹ́ ilé. Ìyá ilé yóò jí ní òwúrọ̀, yóò bá àgbàlá tí ó tutù àti táǹkì tí ó gbẹ.

Omi tí ó sọnù nìkan kọ́ ni àdánù náà. Èyí tí ó wọlé pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Kí ni ó ń kó jọ sínú gọ́tà láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró? Ewé igi àti imọ̀ àgbọn ni, eruku ọyẹ́ ni, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá àti ti eku ni, nígbà mìíràn òkú ẹyẹ pàápàá. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, gbogbo rẹ̀ yóò pò pọ̀ bí ọbẹ̀, yóò sì ṣàn wọ inú omi mímu. Nínú ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti ẹranko ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru wà, àwọn ọmọdé ni ó sì ń kọ́kọ́ san gbèsè gọ́tà tí bàbá kò tọ́jú.

Ẹ̀fọn náà mọ ojú gọ́tà. Ẹ̀fọn kan wà tí ó dúdú, tí ó ní àmì funfun ní ẹsẹ̀ àti ní ara; Aedes aegypti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀sán ni ó sábà máa ń jẹni, òun sì ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri láàrin ìlú. Kì í ṣe omi irà ni ó ń wá, bí kò ṣe omi tí ó dúró jẹ́jẹ́ nítòsí ènìyàn: omi ìkòkò, omi agolo, omi dúrọ́ọ̀mù, omi gọ́tà tí ó dí. Nígbà tí ibà pọ́njú jà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1987, ẹ̀fọn yìí tí ń pa ẹyin sínú omi tí a tọ́jú sílé ni ó tan àrùn náà kálẹ̀. Ẹyin rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò ní òkè ojú omi, ó sì lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ láìkú. Bí òjò bá kàn án, á di tanwíjí. Láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, tanwíjí náà á hu ìyẹ́, á sì fò wọ inú yàrá. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a wí pé gọ́tà ti gbẹ. Ó yẹ kí a kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde kí a sì ha inú rẹ̀ kí òjò tó dé.

Bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí ọ̀pọ̀ baálé ilé fi ń fi gọ́tà wọn sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún? Kì í ṣe ọ̀lẹ; àkàbà ni. Ní ilẹ̀ òkè, ilẹ̀ líle ni ẹsẹ̀ àkàbà ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sórí òpó, pákó tàbí ẹrẹ̀ ni ó yí i ká: ẹsẹ̀ àkàbà kan a rì, èkejì a dúró, ẹni tí ó wà lókè a sì ṣubú. Bàbá tí ó ṣẹ́ egungun itan nítorí ewé gbígbẹ kì yóò wa ọkọ̀, kì yóò sì ju àwọ̀n fún oṣù púpọ̀, ìyà náà yóò sì kan gbogbo ẹni tí ń jẹun nínú ilé rẹ̀. Ó dára, nígbà náà, kí a wá ọ̀nà tí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ yóò fi nu gọ́tà rẹ̀ mọ́.

Ọmọdé tí ó ti fi igi ewé ìbẹ́pẹ fa omi inú agolo rí ti mọ ìpìlẹ̀ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Kì í ṣe ẹnu ni ó gbé omi náà gòkè. Ẹnu mú kí afẹ́fẹ́ inú igi náà dínkù ni. Afẹ́fẹ́ ìta, tí ó ní ìwúwo tirẹ̀, a sì ti omi wọ inú àyè tí ó ṣófo. Torricelli, ará Ítálì, ni ó fi ìwúwo afẹ́fẹ́ yìí hàn kedere ní 1643. Ní 1901, ẹnìkan tí ń jẹ́ Hubert Cecil Booth ní Lọ́ńdọ̀n lo ọgbọ́n kan náà fún eruku: ó ṣe ẹ̀rọ ńlá kan tí ẹṣin ń fà kiri ìgboro, ó ń ti rọ́bà gígùn gba ojú fèrèsé wọ inú ilé, ó sì ń fa eruku jáde. Ní 1907, James Murray Spangler, òṣìṣẹ́ kan tí ń gbálẹ̀ ilé ìtajà ní Canton, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí eruku sì ń dí èémí rẹ̀, mú ọ̀pá ìgbálẹ̀, àpò ìrọ̀rí àti ẹ̀rọ fáànù, ó so wọ́n pọ̀, ó sì ní ẹ̀rọ tí ènìyàn kan lè fi ọwọ́ tì kiri. Láti inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ Hoover ti jáde. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó lè tú ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi palẹ̀ kí ó sì tò ó padà kò gbọdọ̀ bẹ̀rù iṣẹ́ yìí.

Ohun tí a ń fẹ́ nìwọ̀nyí, bí a sì ti ń tò wọ́n nìyí:

1. Ẹ̀rọ tí ń fa eruku, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní fákíùmù. Kí ó jẹ́ irú èyí tí ó ní ikùn bí dúrọ́ọ̀mù, tí a ṣe láti fa ohun gbígbẹ àti ohun tútù. Irú èyí tí a fi ń nu kápẹ́ẹ̀tì kò yẹ, nítorí omi yóò bà á jẹ́, ó sì lè fi iná mú ẹni tí ó dì í mú. Ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ, lè dá owó ra ẹyọ kan.

2. Páìpù oníke, irú èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 2. Kí gígùn rẹ̀ tó láti ọwọ́ ẹni tí ó dúró nílẹ̀ dé etí òrùlé. Mítà 3 tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò fi ewé há; èyí tí ó gùn jù yóò sọ ẹ̀rọ di aláìlágbára, yóò sì wúwo lọ́wọ́.

3. Ìgbọ̀nwọ́ páìpù méjì. A ó fi ọ̀kan sí orí páìpù gígùn náà, a ó ki páìpù kúkúrú tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan bọ̀ ọ́, a ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ kejì sí òpin rẹ̀ kí ó kọ ojú sísàlẹ̀. Báyìí ni orí ọ̀pá náà yóò tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, tí yóò sì wọ inú gọ́tà láti òkè. Kí a ki páìpù tí ó gùn tó ìka ọwọ́ méjì bọ ẹnu rẹ̀, kí a sì gé e ní gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ gọ́tà.

4. Korobá líle tí ó ní ìdérí tí ó ṣe wẹ́kú. A ó lu ihò méjì sí ìdérí náà: rọ́bà tí ó ti gọ́tà wá yóò wọ ọ̀kan, rọ́bà tí ó lọ sí ẹ̀rọ yóò jáde láti inú èkejì. Ewé àti iyanrìn yóò bọ́ sínú korobá, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò sì máa bá a lọ sí ẹ̀rọ. Bí korobá náà bá fúyẹ́, yóò wú wọ inú bí agolo tí a tẹ̀.

5. Gọ́ọ̀mù páìpù àti téèpù. Kí a di gbogbo oríkèé dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó gba ojú oríkèé wọlé, olè ni. Agbára ẹ̀rọ ni ó ń jí. Ṣùgbọ́n kí a fi téèpù nìkan di oríkèé kan, kí a lè tú ọ̀pá náà sí méjì gbé sínú ọkọ̀.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a kọ́kọ́ yọ páìpù tí ń gbé omi lọ sí táǹkì kúrò, kí a sì fi aṣọ dí ojú ihò gọ́tà. Ènìyàn méjì ni kí ó ṣe é: ọ̀kan di ọ̀pá mú, èkejì dúró ti ibi tí a ti ń pa iná. Kí a máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan gọ́tà dé èkejì, kí a sì máa da korobá nù kí ó tó kún. Bí ọ̀pá bá dákẹ́ tí kò fà mọ́, ewé ti há sí ìgbọ̀nwọ́ ni. Kí a pa ẹ̀rọ kí a tó tú u.

Ìkìlọ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀pá yìí sókè níbi tí wáyà iná gbà kọjá lókè ilé. Kí ẹni tí ń lo ẹ̀rọ má dúró nínú omi, kí wáyà rẹ̀ má sì kan ilẹ̀ tútù. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a ń lò, ìta gbangba ni kí ó wà, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani nínú yàrá láìní òórùn tí yóò kìlọ̀ fúnni. Kí a fi aṣọ bo imú àti ẹnu, kí a sì wọ́n omi díẹ̀ sí ìgbẹ́ ẹyẹ tí ó ti gbẹ, kí eruku rẹ̀ má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé àtijọ́ tí a fi páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì bò, kí a má ṣe fi ẹ̀rọ yìí kàn án rárá, nítorí eruku rẹ̀ ń fa àrùn tí kò gbóògùn.

Ẹ̀rọ yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ pin. Afẹ́fẹ́ ni ó ń ru ìdọ̀tí gba inú páìpù, bí odò ti ń ru ewé. Bí odò kò sì ti lè ru òkúta ńlá, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kò lè ru ẹrẹ̀ tí ó ti di mọ́ gọ́tà. Ewé gbígbẹ ni iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó dúró títí òjò fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó rántí gọ́tà ti sọ ẹ̀rọ rẹ̀ di ohun ọ̀ṣọ́. Fún ẹrẹ̀ líle, àti fún ẹni tí kò ní owó ẹ̀rọ, kí a gé ike omi ní ìdajì, kí a so ó mọ́ orí ọparun bí ìgbakọ, kí a fi ha gọ́tà láti ilẹ̀. Ọparun àti ike tí a lò ní àsìkò sàn ju ẹ̀rọ olówó ńlá tí a lò lẹ́yìn àsìkò.

Nígbà tí gọ́tà bá mọ́, kí a fi omi ṣàn án, kí omi náà dà síta. Kí a jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ òrùlé, kí a má sì gbe é. Láti ìgbà náà lọ, nígbàkígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí a jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ dànù títí yóò fi mọ́ kedere kí a tó dá páìpù padà sí táǹkì. Kí a fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ bo ẹnu táǹkì kí ẹ̀fọn má baà wọlé. Omi tí a ó mu, kí a sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú 1. Kí ẹni tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú sì lọ sí ilé ìwòsàn gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ọjọ́ ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní ilẹ̀ Júdà ìgbàanì, àwọn ènìyàn gbẹ́ kànga sínú àpáta láti fi gba omi òjò, wọ́n sì mọ̀ pé kànga tí ó sán kò lè gbà wọ́n nígbà ọ̀dá. Ti ará etí òkun Ìlàjẹ kò yàtọ̀, àfi pé ẹnu kànga tirẹ̀ wà lókè, níbi tí ojú kì í tètè dé. Ọlọ́run ni ó ń rọ òjò; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá onílé kó ewé inú gọ́tà rẹ̀.

Ìrántí fún ọdún: Ní oṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó dé, fa gọ́tà kí o sì ha á. Ní oṣù Ògún, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀, tún un wò. Ní oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ọyẹ́ bá ń bọ̀, kó ewé ìkẹyìn, kí o sì di gbogbo ojú táǹkì pa.