ÌRÀNLỌ́WỌ́ ÀWỌN ÌJỌ KRISTẸNI FÚN ARÁ OKO LẸ́YÌN ÌKÚN-OMI

Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni òjò. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ẹkún ni fún ará oko. Bí ó bá sì rọ̀ ní àrọ̀jù, ẹkún kan náà ni. Ní Alápòtí àti ní àwọn abúlé mìíràn tó yí Ọ̀tà ká ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹni tó bá gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo mọ̀ pé òru ọjọ́ kan ti tó fún àgbàrá láti gbá làálàá ọdún kan lọ. Ògiri amọ̀ a wó, abà a ṣubú, irúgbìn tí a tọ́jú de ọdún tí ń bọ̀ a sì jẹrà. Báwo ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń tún dìde? Ipa wo sì ni àwọn ìjọ Kristẹni ń kó nínú iṣẹ́ náà?

Ní ọdún 2012, Nàìjíríà rí irú ìkún-omi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò rí rí. Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Nígbà tí omi tí a sé sí Lagdo, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, lórí odò Bẹ́núé kún ju bó ti yẹ lọ, wọ́n ṣí i sílẹ̀. Omi náà ṣàn wọ ilẹ̀ wa, ó gba Adamawa àti Bẹ́núé kọjá, títí ó fi dé Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Bẹ́núé ti pàdé Odò Ọya. Ilé, ọjà àti oko bọ́ sábẹ́ omi. Àkọsílẹ̀ ìjọba sọ pé ènìyàn 363 ló kú ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn tó sì sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì. Nígbà tí omi tún dé ní ọdún 2022, àwọn tó kú lé ní 600, àwọn tó fi ilé sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan.

Iṣẹ́ àánú kì í ṣe ohun titun nínú ìjọ Kristẹni. Ní ọdún 1943, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà ní Amẹ́ríkà dá Catholic Relief Services sílẹ̀. Ní ọdún 1945, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, àwọn ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Yúróòpù lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ yìí ló gba orúkọ Christian Aid ní ọdún 1964. Ní Nàìjíríà pàápàá, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà dá Caritas Nigeria sílẹ̀ ní ọdún 2010.

Nínú ìtàn ará Samáríà tí Jésù pa, ọkùnrin náà kò fi mọ sí dída òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́. Ó gbé aláìsàn dé ilé-èrò, ó fi owó sílẹ̀ fún onílé, ó sì ṣèlérí láti san èyí tó bá kù nígbà tó bá padà dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìrànlọ́wọ́ tòótọ́ rí: ó ní ti òní, ó sì ní ti ọ̀la.

Ti òní ni oúnjẹ, aṣọ ìbora, oògùn àti omi mímu. Èyí tó ṣe kókó jù nínú wọn ni omi, nítorí pé bí ìkún-omi bá ti gbé ẹ̀gbin ṣáláńgá dà sínú kànga, onígbáméjì kò jìnnà mọ́. Ẹni tí omi kò pa, àrùn lè pa á.

Ti ọ̀la ló gba sùúrù. Ohun àkọ́kọ́ ni irúgbìn. Bí àgbẹ̀ kò bá rí èso àgbàdo àti igi ẹ̀gẹ́ gbìn kí àkókò tó kọjá, ìyàn ọdún kan ti di ti ọdún méjì. Ohun kejì ni ilé. Àṣìṣe ni kí a tún un kọ́ sí ojú àgbàrá gẹ́gẹ́ bó ti wà tẹ́lẹ̀. Ibi tó ga ló yẹ ilé. Kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ yọ sókè, kí a sì so òrùlé mọ́ ògiri dáadáa nítorí ìjì. Ohun kẹta ni ìmọ̀ràn àwọn onílé fúnra wọn. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi lójoojúmọ́ ló mọ ibi tó yẹ kí a gbẹ́ kànga sí. Àwọn àgbà ló mọ ibi tí omi dé nígbà tí wọ́n wà ní èwe. Àlejò tó bá kọ́lé láìbi wọ́n léèrè lè kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé.

Ewu méjì wà nínú ìrànlọ́wọ́. Èkíní ni pé ó lè sọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ di alágbe. Bí a bá ń pín ìrẹsì lọ́fẹ̀ẹ́ láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọjà ti tún ná, ta ni yóò ra ti àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè? Èkejì ni pé ẹlòmíràn lè fi oúnjẹ ṣe ìdẹ láti fa ènìyàn wọ ìjọ. Nítorí èyí ni Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa àti àwọn àjọ mìíràn, tó fi mọ́ Caritas àti Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé, ṣe gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní ọdún 1994 pé àìní ni kí a wò, kì í ṣe ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn, àti pé a kò gbọdọ̀ lo ìrànlọ́wọ́ láti fi tan ẹ̀sìn kálẹ̀. Òwe Yorùbá ti sọ tipẹ́ pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Bí òjò kò bá ti ya Mùsùlùmí sọ́tọ̀ kúrò lára Kristẹni, ẹni tó wá ṣàánú kò gbọdọ̀ yà wọ́n.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ilé ẹnìkan bá wó, a bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn kan a pò amọ̀, àwọn kan a fa igi, àwọn obìnrin a pọnmi, wọn a sì se oúnjẹ. Onílé kò jókòó máa wòran. Òun ló kọ́kọ́ ń dé ibi iṣẹ́. Ìrànlọ́wọ́ tó bá tẹ̀lé ìlànà yìí, láti òkè òkun ló ti wá ni o tàbí láti ilé ìsìn tó wà ládùúgbò, kì í tàbùkù ẹni tó gbà á. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Iṣẹ́ aláàánú ni láti fi nǹkan sí ọwọ́ náà, kì í ṣe láti gé e kúrò.